Ibi tí Ifẹ̀ ń sin òkú rẹ̀ sí

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ìtàn ìtẹ́ òkú ìlú ńlá ni wọ́n ní kí n wá sọ. Bó bá jẹ́ Èkó ni, ọ̀rọ̀ á rọrùn: ọgbà kan, géètì kan, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí. N óò yà síbẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ tí a jókòó sí yìí, abẹ́ ilé ni ìtẹ́ òkú wa wà.

Kí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti òfin òyìnbó tó dé, àgbàlagbà tó bá fọwọ́ rọrí kú, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á pa ilẹ̀ náà dán, ọmọ àti ọmọ-ọmọ á sì máa sùn lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń da obì sí. Kì í ṣe gbogbo òkú ló rí àyè yìí o. Ẹni tí àrá pa di ti àwọn oníṣàngó, abuké di ti àwọn olóòṣà Ọbàtálá. Wọn kì í sin wọ́n sílé. Títí dòní, bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, ojú oórì ni ẹlẹ́rìí máa ń kà: baba ńlá mi ló wà níhìn-ín, bàbá mi ló wà lọ́hùn-ún.

Ní Mòpá, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, ni ìtàn fi ṣe àmì ibi tí akọni náà wọlẹ̀ sí. Gbogbo yín mọ ìyẹn. Ọ̀run Ọba Adó, ilẹ̀ kan nínú Ifẹ̀ níhìn-ín (Adó ni Bìní), ló yẹ kí a jókòó tì. Ìtàn ní orí àwọn ọba Bìní ni wọ́n ń gbé wá sin síbẹ̀. Nígbà tí Frank Willett, òyìnbó onímọ̀ ìwalẹ̀, walẹ̀ ibẹ̀, ó bá kòtò, ó bá èédú nínú kòtò. Àyẹ̀wò fi hàn pé èédú náà ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà sí ìkẹwàá. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọdún 1200 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ní ìdílé Ẹwẹ́ká, ìdílé ọba tí ìtàn ní ó ti Ifẹ̀ ṣẹ̀ wá, gorí oyè ní Bìní. Àwọn kan torí èyí da ìtàn náà nù. Èmi ò gbà. Èédú lè sọ ìgbà tí iná jó. Kò lè sọ ohun tí wọ́n tún wá fi ilẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Ní 1938, nígbà ayé Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmoníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, hú àwọn orí bàbà tí gbogbo ayé ń sọ lónìí. Méjì nínú wọn tiẹ̀ dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà. Ihò wà lọ́rùn wọn. Willett rò pé ara igi ni wọ́n ń kàn wọ́n mọ́, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ fún ìsìnkú kejì, bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti máa ń ṣe àkó, ère òkú, láyé àtijọ́. Èrò ni o, kò tí ì di ẹ̀rí. Ní 1957, ère bàbà tún jáde ní Ìta Yemòó nínú Ifẹ̀ níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ló ṣáájú onímọ̀ débẹ̀ nígbà méjèèjì.

Ẹ má wá rò pé géètì ló kù tí a ò ní. Ìtẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ní ọgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí, ẹni tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun wó ibẹ̀ palẹ̀. Wọ́n gbé egungun bíṣọ́ọ̀bù lọ sí kàtídírà ní Màrínà ní 1976. Ẹni tó lórúkọ nìyẹn.

Nígbà tí ìbéèrè dé, ìyá kan láti Ìlódè ní àwọn àbúrò òun fẹ́ wó ilé bàbá wọn, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù, oórì mẹ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ni kí òun ṣe? Mo ní, "Mà, kí bíríkìlà tó dé, ẹ pe àwọn àgbà ilé jọ. Kí ẹni tó mọ ojú oórì dúró lé e lórí, kí ọmọ kan yà á sí fóònù, kí ẹ kọ orúkọ sí i. Bí ẹ bá bá àwo fífọ́ tí wọ́n tò bí táìsì, tàbí ère amọ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ lọ sí mùsíọ́mù ní Ẹnuwá. Òfin ní kí ẹ sọ fún wọn." Ìyá ní ta ló máa san owó ọjọ́ tí bíríkìlà fi jókòó? Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni, òfin kò sì dáhùn rẹ̀.