Ibi Tí Ìjà Bá Wà Ni Olùdíje Ń Sún Sí

Ẹ fọkàn yàwòrán ìlà èrò òṣèlú kan, láti 0 dé 100. Òsì pátápátá ni 0, ọ̀tún pátápátá ni 100. Ká ní àwọn olùdìbò pín sórí rẹ̀ lọ́gbọọgba, tí kálukú sì ń dìbò fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù.

Olùdíje òsì dúró sórí 30, ti ọ̀tún sórí 60. Ààlà wọn, ìyẹn àárín méjèèjì, á bọ́ sórí 45: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún òsì, 55 fún ọ̀tún. Àmọ́ tí ti òsì bá sún dé 42, ààlà di 51, ó wọlé nìyẹn. Àwọn tó fi sẹ́yìn ńkọ́? Òun náà ló ṣì sún mọ́ wọn jù, àfi tí wọ́n bá bínú jókòó sílé. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ o.

Ní tèmi, ìdìbò abẹ́lé, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń yan ẹni tó máa fà kalẹ̀, ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹkùn tí ìdá 70 olùdìbò ti jẹ́ ti ẹgbẹ́ òsì, tí wọ́n pín láti 0 dé 50. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá fà kalẹ̀ ti wọlé tán. Tí ẹni tó dúró sórí 25 (ẹni 25) bá wá kojú ẹni tó dúró sórí 42 (ẹni 42) nínú ẹgbẹ́, ààlà wọn á jẹ́ 33.5, ẹni 25 á sì kó ìbò 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó sún sí àárín ti lulẹ̀ kí ará ìlú yòókù tó dìbò rárá.

Láti 2012, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti ń kó gbogbo olùdíje sílé aṣòfin sórí ìwé ìdìbò kan náà ní ìpele àkọ́kọ́. Ẹni méjì tó bá ṣíwájú ló ń lọ sí ìpele kejì, kódà kí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe, ká ní ẹni 25 àti ẹni 42 ló jọ dé ìpele kejì: ìdá 30 tí kì í ṣọmọ ẹgbẹ́ á gbè sẹ́yìn ẹni 42, yóò sì fi nǹkan bí 53 borí 47. Ṣùgbọ́n tí ìdajì wọn bá fi àyè ipò yẹn sílẹ̀ lófo lórí ìwé ìdìbò torí pé ẹgbẹ́ tiwọn ò sí níbẹ̀, 38 péré ló máa ní, á sì fìdí rẹmi.

Ewu kejì ni kí ìbò fọ́n ká. Lọ́dún 2012 yẹn gan-an, ní ẹkùn 31 ní California, Democrat (ẹgbẹ́ òsì) mẹ́rin pín ìbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Republican (ẹgbẹ́ ọ̀tún) méjì ló kọjá sí ìpele kejì, bẹ́ẹ̀ Obama, tó jẹ́ Democrat, ló borí níbẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ ọdún kan náà.