Ta Ni Àwa Mùsùlùmí Ń Sìn?

Bísímílááhì. Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí àti níbikíbi tí ẹ bá wà, àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá yín ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Wàndó bi mí ní ìbéèrè kan. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, kò sì fi ẹnu ìjà bi mí. Ó ní, “Àlùfáà, ẹ má bínú o. Òkúta dúdú tí ẹ ń foríkanlẹ̀ fún ní Mẹ́kà yẹn, ṣé òun ni Ọlọ́run yín, àbí Muhammadu gan-an ni?”

N kò bínú. Ẹni tí ó bá ń wo nǹkan láti ìta lè ṣi í mú. Mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ tí ó wà ní Àjàṣẹ́ yìí, tí àwọn Mùsùlùmí ìran àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wálé kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ní Bahia, ṣọ́ọ̀ṣì ni àlejò a máa pè é títí yóò fi gbọ́ ìpèrun. Àwọn Faransé ayé ìjọba amúnisìn pàápàá a máa pè wá ní mahométan, bí ẹni pé Muhammadu ni a ń sìn.

Káábà ni ilé tí òkúta dúdú náà wà lára rẹ̀ ní Mẹ́kà. Ibi tí a kọjú sí kírun ni ó jẹ́; kì í ṣe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Mẹ̀dínà, Jerúsálẹ́mù ni òun àti àwọn sàábé rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, kọjú sí kírun fún oṣù 16 tàbí 17, kí àṣẹ tó dé pé kí wọ́n yí padà sí Mẹ́kà. Ẹni tí ó bá sì dúró ní Mẹ̀dínà tí ó kọjú sí Jerúsálẹ́mù, ẹ̀yìn ni ó kọ sí Káábà. Bí ó bá jẹ́ pé ilé náà ni wọ́n ń sìn, ẹ̀yìn ha ni ènìyàn í kọ sí ohun tí ó ń sìn bí? Ẹ tún wo ọdún 630, tí Mẹ́kà bọ́ sí ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ère 360 ni ó wà láyìíká Káábà, Ànábì sì ń fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún wọn. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Bìláálì, tí ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ẹrú, gun òrùlé Káábà lọ pe ìrun. Àwa ọmọ Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní òrìṣà. Láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ta ni ó gbé ẹsẹ̀ lé orí ojúbọ rí, tí ó dúró lé e tí ó ń kígbe?

Ní ti òkúta dúdú náà, Úmárù, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ti bá a sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó fẹnu kò ó, ó sì wí fún un pé òun mọ̀ pé òkúta lásán ni, kò lè ṣeni ní oore, kò lè ṣeni ní ibi, àti pé bí kò bá ṣe pé òun rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó fẹnu kò ó ni, òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti Ànábì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ hàn ju èyí lọ. Ní ọjọ́ tí ó jáde láyé ní ọdún 632, tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí àwọn kan gbà pé ó ti kú, Àbúbákárì, sàábé rẹ̀ tímọ́tímọ́, dìde, ó ní ẹni tí ó bá ń sin Muhammadu, kí ó mọ̀ pé Muhammadu ti kú, ẹni tí ó bá sì ń sin Ọlọ́run, Ọlọ́run wà láàyè, kò sì ní kú. Nínú ìrun wa lójoojúmọ́, bí a bá jókòó, à ń jẹ́rìí pé ẹrú Ọlọ́run àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Muhammadu: ẹrú ni a kọ́kọ́ pè é, kí a tó pè é ní òjíṣẹ́.

Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. Ó wá ní, “Ó dáa. Kí ló dé tí Àlájà tí ó jẹ mí ní gbèsè ṣe máa ń sọ pé, ‘Mo fi Ànábì búra, kò sí owó lọ́wọ́ mi’?”

Ẹ̀yin ará mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Àwa fúnra wa ni a ń fi ẹnu wa gbin èrò tí à ń bá àwọn ẹlòmíràn jà sí. Bí zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, bá fẹ́ gbá wa, “Ànábì o!” ni a ń ké, bí a bá fẹ́ tọrọ nǹkan, a ó ní, “Mo fi Ànábì bẹ̀ yín.” Bẹ́ẹ̀ sì ni Ànábì kan náà sọ pé ẹni tí yóò bá búra, kí ó fi Ọlọ́run búra tàbí kí ó dákẹ́, ó sì tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe yin òun kọjá ààlà. Sọlátù, ìyẹn àdúà ìkẹ́ tí à ń ṣe fún un, yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé Ọlọ́run ni à ń bẹ̀ níbẹ̀ kí Ó kẹ́ ẹ. A kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá náà pé àṣìṣe tiwa ni ìbúra yẹn, kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún Àlájà. Mo ṣèlérí fún un pé n ó sọ ọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí kí a tó lọ kírun Jímọ̀.