Ṣé Ká Mú Ajá Wọ Ọkọ̀ Ojú Òkun? Microchip Ló Ṣáájú Abẹ́rẹ́!

Ókun o, ẹ̀yin èèyàn wa! Ẹ̀yin ará Kabba, Ìsánlú, Mopa, Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun fún ìyá àti bàbá, inú gbogbo ilé ń dùn, àfi kí ẹnì kan béèrè pé: “Ajá wa ńkọ́? Ṣé a lè mú un dání?”

Èsì rẹ̀ kò gùn. Ajá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, àyè wà fún un. Ajá ilé, olóńgbò, ẹyẹ inú àgò, kò sáyè. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ bíi Royal Caribbean, Carnival, Norwegian, gbogbo wọn ló ń gba ajá olùrànlọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ń gba ajá ilé nínú wọn. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn, torí ajá gan-an ló ń dáàbò bò.

Nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Queen Mary 2 ni, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Cunard, tó ń ná Southampton sí New York. Alẹ́ 7 ló máa ń lò lórí omi. Ilé ajá 24 ló wà lórí àjà 12, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn sì wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: òpó iná kan rèé tí wọ́n gbé wá láti Liverpool, ẹ̀rọ omi panápaná irú ti New York sì dúró ní tòsí rẹ̀, kí akọ ajá ìlú méjèèjì lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ sókè sí. Wọ́n ronú nípa ajá lóòótọ́! Olóńgbò, ilé méjì ni wọ́n máa gbà fún un, ọ̀kan fún oorun, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí: ajá yín kò ní wọ yàrá yín. Ẹ̀yin lẹ ó máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí tí wọ́n bá dá fún yín. Ilé ajá 24 fún gbogbo ọkọ̀ kò pọ̀ rárá, ó máa ń kún ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ìrìn àjò. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kó tó béèrè ti ajá, ó ti kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì.

Kí ló wá dé tí àwọn yòókù kò gbà wọ́n? Ẹ wo ohun tí ajá ilé máa bá pàdé níbẹ̀. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ́ńjìnnì ń dún, etí ajá sì mú ju tiwa lọ. Òórùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ rí gba imú rẹ̀ kan. Kò sí koríko, kò sí erùpẹ̀. Òòyì òkun máa ń kọ́ ajá gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ́ èèyàn, kò sì lè sọ pé inú ń ru òun.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yé yín pátápátá, ẹ rántí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa. Ajá ilé wà, ajá ọdẹ sì wà. Ajá ọdẹ tí wọ́n so ṣaworo mọ́ lọ́rùn mọ ìpè ọ̀gá rẹ̀. Ewúrẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, kò yíjú. Ọdẹ ní kó dákẹ́, ó dákẹ́. Ọdẹ tó ń fi ajá ilé ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé lójoojúmọ́ kò jẹ́ mú un wọ igbó lóru. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ó mọ̀ pé gbígbó rẹ̀ á lé ẹran lọ, ẹran tó bá sì bínú lè pa á. Òun náà nìyẹn! Ajá olùrànlọ́wọ́ ni ajá ọdẹ, ọkọ̀ òkun ni igbó. Ìfẹ́ yín sí ajá ilé kọ́ ló máa kọ́ ọ níṣẹ́ igbó.

Ta wá ni ajá olùrànlọ́wọ́? Òfin Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń wò, torí pé etíkun Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ èrò wọn ti ń wọkọ̀. Ní 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ Spector pẹ̀lú Norwegian Cruise Line pé òfin tó dáàbò bo aláàbọ̀ ara kan ọkọ̀ tó ní àsíá ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú, tó bá ti wà nínú omi Amẹ́ríkà. Òfin yẹn ní ajá ni, ajá tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ kan pàtó tó jẹ mọ́ àìlera olówó rẹ̀. Ó ń darí afọ́jú. Ó ń ta adití lólobó pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ó ń fa kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí wárápá fẹ́ gbé.

Ìbéèrè méjì ni òfin yẹn fàyè gba òṣìṣẹ́ láti bi yín. Ṣé torí àìlera lẹ ṣe nílò ajá yìí? Iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ọ? Ẹ múra èsì kejì sílẹ̀. “Ó ń tù mí nínú” kì í ṣe iṣẹ́. Ajá ìtùnú kò sí lára wọn, Royal Caribbean sì ti dáwọ́ gbígbà á dúró láti 2018. Ẹ̀wù pupa tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sọ ajá kankan di olùrànlọ́wọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ kankan fún irú ajá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun fi orúkọ ajá yín sínú ìwé ìjọba, owó yín ló fẹ́ gbà. Ẹni tó bá parọ́ nípa ajá rẹ̀ sì ń ba ọ̀nà jẹ́ fún afọ́jú tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Nínú ọkọ̀, ẹ má fi ajá sílẹ̀ nìkan nínú yàrá. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú omi ìlúwẹ̀ẹ́. Okùn ọrùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, àfi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá gba okùn. Oúnjẹ rẹ̀, abọ́ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó gbé e dání. Ó tán.

Ó kan ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀: ìtọ̀. Àpótí kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún ajá láti tọ̀ sí, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 4, èèpo igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ajá yòókù sì lè máa lò ó pẹ̀lú. Ajá tó ti ń tọ̀ sórí koríko láti kékeré máa dé iwájú àpótí yìí, á gbóòórùn rẹ̀, á yíká, á sì pa dà. Á di ìtọ̀ mọ́ra títí ilẹ̀ á fi ṣú, títí ilẹ̀ á tún fi mọ́. Inú rẹ̀ á le, ilé ìtọ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ilé lẹ ti máa wo èyí sàn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹ kan pákó mẹ́rin pọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 4. Ẹ lọ sí sọ́míìlì, ẹ bu èyí tí wọ́n fá lára pákó, ẹ dà á sínú rẹ̀ kó ga tó ìka ọwọ́ kan. Ní àárọ̀, kó tó jáde rárá, inú àpótí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Ó yá, tọ̀!”, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, ẹnu kan náà, ohùn kan náà. Tó bá kọ̀, ẹ fi aṣọ nu ìtọ̀ rẹ̀ àná, ẹ ju aṣọ náà sínú àpótí. Imú rẹ̀ ló máa ṣe ìyókù. Tó bá tọ̀, ẹ fún un ní ẹran kékeré lójú ẹsẹ̀. Lójú ẹsẹ̀! Tẹ́ ẹ bá dúró títí ẹ fi pa dà wọlé, á rò pé ìwọlé lẹ fi san án lẹ́san.

Ó yá, ẹ fún mi létí báyìí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé. Gbogbo etíkun tí ọkọ̀ bá dúró sí ló ní òfin tirẹ̀, ohun tí gbogbo wọn sì ń bẹ̀rù jù ni dìgbòlugi. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà kà sí ibi tí ewu dìgbòlugi ajá ti ga.

Microchip, ohun kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí ajá, lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. MICROCHIP LÓ ṢÁÁJÚ! Mo tún un sọ: MICROCHIP LÓ ṢÁÁJÚ ABẸ́RẸ́! Tí méjèèjì bá jẹ́ ọjọ́ kan náà, kò burú, tí dókítà ẹran bá ti fi microchip sí i kó tó gún un. Tí abẹ́rẹ́ bá fi ọjọ́ kan péré ṣáájú, abẹ́rẹ́ yẹn kò sí lójú òfin. Ẹ ó tún un gún, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkà ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ tí wọ́n fún yín ní ọsibítù. Ká ní wọ́n kọ abẹ́rẹ́ sí i, wọn ò kọ orúkọ ọmọ, ta la fẹ́ sọ pé ó gbà á? Microchip ni orúkọ ajá. Ohun kékeré kan tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ ni, nǹkan bíi mìlímítà 12, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tó nípọn tì sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì. Kò ní bátìrì. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, nọ́ńbà 15 á yọ. Ẹ sọ fún dókítà pé irú tó bá ìlànà àgbáyé ISO 11784 àti 11785 mu lẹ fẹ́, nítorí pé irú mìíràn wà tí ẹ̀rọ òkèèrè lè má kà.

Ká wá fi ajá kan ní Kabba ka ọjọ́, ká ní UK ló ń lọ. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 12. Ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹẹrẹ, wọ́n fi microchip sí i, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 30 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ gan-an mọ́ ọn. Ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé nìyẹn, kò gbọdọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn máa lọ sí yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí, èsì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí abẹ́rẹ́ fún ara rẹ̀ láti gbógun ti dìgbòlugi, sì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Lẹ́yìn náà, oṣù 3 gbáko. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ ti máa kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí èsì dé. Ìdí oṣù 3 yìí rèé: dìgbòlugi lè sá pamọ́ sára ajá fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kó tó yọjú. Ọ̀pọ̀ ajá tó ti kó o ṣáájú abẹ́rẹ́ á ti fi hàn kí oṣù 3 tó pé. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí kí ajá Kabba yìí tó lè wọ UK. Ìwé ẹ̀rí ìlera rẹ̀, ọjọ́ 10 péré ló ní láti fi dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Oògùn aràn tí praziquantel wà nínú rẹ̀, láàárín wákàtí 24 sí 120 ṣáájú kó wọlé ni dókítà gbọ́dọ̀ fún un, kó sì kọ wákàtí náà sílẹ̀. Wákàtí o, kì í ṣe ọjọ́ nìkan.

Ẹ ti rò pé ó parí? Kò tíì parí o! Tẹ́ ẹ bá ní láti Southampton kẹ́ ẹ gbé ajá ilé yín yìí wọ Queen Mary 2 lọ sí New York, òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún 2024 dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ajá ilé tó bá ti wà ní orílẹ̀-èdè ewu láàárín oṣù 6 sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ìta Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́, pápá ọkọ̀ òfurufú tó ní ibi ìtọ́jú ẹran tí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí nìkan ló lè gbà wọlé. Kò lè gba etíkun wọlé. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jókòó ní UK fún oṣù 6. Ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí di ọjọ́ 4 oṣù Bélú. Oṣù 10 láti ọjọ́ tí microchip wọ ara rẹ̀, nítorí alẹ́ 7 lórí omi, nínú ilé ajá, tí kò sì ní rí yín ju wákàtí mélòó kan lọ lójúmọ́! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ajá ilé sílẹ̀ nílé.

Tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀, ẹni tó ti mọ ajá náà tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í tì, ní ilé tó ti mọ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ, á já okùn, á sì máa wá ọ̀nà ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà máa fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, ní abọ́ tirẹ̀, ní àkókò tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà ẹran sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi káàdì náà lé e lọ́wọ́.