Kí N Tó Búra

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ ti ń gbọ́ mi, tẹ́ ẹ ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ rọra wakọ̀. Kò sí àlejò lónìí. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ, torí pé ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri láìsọ fún yín.

Mo ti kó ìwé mi sílẹ̀ láti di ọ́físà nínú Army Nurse Corps, ẹ̀ka àwọn nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn ò tíì gbà mí o. Ìwé ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn ará ìjọ wa ni fóònù mi kò ti sinmi mọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, ẹ jẹ́ kí n yára dá wọn lóhùn, ká lè ráyè sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹni tó ní green card lè wọṣẹ́ ológun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè di ọ́físà active duty, ìyẹn ológun tó ń ṣe é bí iṣẹ́ ojoojúmọ́, àfi tó bá di citizen. Láìsẹ́ǹsì RN, ìyẹn ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, gbọ́dọ̀ mọ́ láìní àbààwọ́n. Tó bá jẹ́ active duty lèèyàn ń wá, ó gbọ́dọ̀ ní BSN, oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láìsẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ti tó, òun náà lẹ ó máa lò ní ọsibítù ológun èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé yín lọ. Ẹ má sì kàn ya ọ́fíìsì recruiter tẹ́ ẹ bá rí lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ ti ìyẹn ni pé kó wá àwọn tó máa wọlé láti ìsàlẹ̀. Recruiter àwọn oníṣẹ́ ìlera wà lọ́tọ̀, òun ni kẹ́ ẹ béèrè. Mo mọ arákùnrin kan tó ní BSN tó fẹ́rẹ̀ẹ́ buwọ́ lùwé láti wọlé bíi kùrúùtù, ìyàwó rẹ̀ ló gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé nọ́ọ̀sì máa ń yìnbọn? Wọ́n máa ń kọ́ wa. Òfin Geneva ti 1949 gbà kí oníṣẹ́ ìlera gbé ìbọn kékeré láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn aláìsàn rẹ̀, kì í ṣe láti fi lé ẹnikẹ́ni kiri. Àwọn Army ń kọ́ tiwọn ní Fort Sam Houston ní San Antonio, Navy ní Newport, Rhode Island, Air Force ní Maxwell, Alabama. Àwọn Marine kò ní nọ́ọ̀sì tiwọn rárá, Navy ló ń tọ́jú wọn. Ní ti owó, ẹni tó ń fi iṣẹ́ agency, àwọn tó ń yá ọsibítù ní nọ́ọ̀sì, àti overtime gbọ́ bùkátà lè wo ìwé owó oṣù náà kó yọ ṣùtì, àmọ́ ẹ rántí pé owó ilé àti owó oúnjẹ tí wọ́n ń fi kún un kì í san owó orí. Ó tán.

Èyí tó ń gbà mí lóorun kò sí nínú gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Kí ni ọrọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè yìí? Kì í ṣe owó nìkan. Ọrọ̀ wa ni pé kò sẹ́ni tó lè dá wa dúró. Bí máníjà bá fojú wa gbolẹ̀ lónìí, a kọ̀wé, a fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí. Agency pè láti ìpínlẹ̀ kejì, a di ẹrù wa. A ò fẹ́ lo Kérésìmesì lórí wọ́ọ̀dù mọ́, a di per diem, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú nìkan. Láti ìgbà tí mo ti yege NCLEX, ìdánwò láìsẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń dá ọ̀gá tí kò mọyì mi lóhùn. Ẹni tó bá búra gẹ́gẹ́ bí ọ́físà, ẹ̀tọ́ yẹn gan-an ló gbé kalẹ̀. Ọdún 8 ni àdéhùn ológun lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ lè jẹ́ ti reserve, ìyẹn àwọn tó wà nílé títí wọ́n á fi nílò wọn. Láàárín ọdún tẹ́ ẹ bá jẹ wọ́n ní active duty, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ́físà lè kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ, wọ́n sì lè ní kò tíì tó àkókò.

Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára. SF-86 ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń wádìí èèyàn wò kí wọ́n tó fọkàn tán an. Ó ń béèrè gbogbo ibi téèyàn gbé láti ọdún 10 sẹ́yìn, pẹ̀lú ẹni tó lè jẹ́rìí sí ti ọdún 3 tó kẹ́yìn. Ó ń béèrè òbí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àna, ọjọ́ ìbí wọn, ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Bàbá mi ní ọjọ́ ìbí méjì, ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún ìwé ìfẹ̀yìntì, bẹ́ ẹ bá sì bi òun fúnra rẹ̀, yóò ní ìgbà tí wọ́n ń kọ́ afárá àtijọ́ ni. A dúpẹ́ pé ibi kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà téèyàn ti lè fi hàn pé a fojú bù ú ni.

Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni ìgbà tí wọ́n ní kí n dárúkọ gbogbo àjèjì tí ìfẹ́ tàbí ojúṣe so mí pọ̀ mọ́ láti ọdún 7 wá. Èmi, ọmọ Yorùbá! Ta ni n ó mú, ta ni n ó fi sílẹ̀? Ìyá tó gbà mí sílé nígbà tí mo ń kàwé, tí kì í ṣe ẹbí mi, ṣùgbọ́n tí n kò lè jẹun ọdún láìfi nǹkan ránṣẹ́ sí. Ọ̀rẹ́ tó ń bójú tó ilé tí mo ń kọ́, ilé tí kò tíì rí òrùlé, tí mo tún ní láti kọ sílẹ̀ pé ohun ìní mi lókè òkun ni. Owó tí mo fi ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, gbogbo ìrìn-àjò mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀ o, mo kàn rí bí èèyàn tó rọ̀ mọ́ mi ṣe pọ̀ tó. Mo wá ń bi ara mi pé, bí ìjọba tó ń ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yìí bá gbé mi lọ ibi tí n kò ti lè gbé fóònù, ta ló máa dá wọn lóhùn?

Àyẹ̀wò ara ní MEPS, ibùdó tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun wò, kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ ó tọ̀ sínú ike lójú ẹni tó ń wò yín, ẹ ó sì rìn ní ìlóṣòó bíi pẹ́pẹ́yẹ. Nọ́ọ̀sì tó ti ń sọ fún aláìsàn láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó má tijú yóò mọ ohun tó ń sọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ipò ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ dúró lé. Bí wọ́n bá gbà mí, ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ lè sọ mí di first lieutenant ní wàrà, láìtíì mọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà ológun. Sájẹ́ǹtì tó ti lo ogún ọdún nínú iṣẹ́ náà, tó ti lọ sójú ogun tó sì bọ̀, yóò kí mi kí n tó kí i, yóò sì máa pè mí ní “sir”. Ibi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí mo bá rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ló kàn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, kápítéènì kan lè wà níbẹ̀ tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ, tí mo gbọ́dọ̀ dìde dúró fún bó bá wọlé. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo bi ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ náà bó ṣe ṣe tirẹ̀. Ó ní òun jẹ́ kí sájẹ́ǹtì máa kí aṣọ òun, òun náà sì ń gbọ́ràn sí àkísà rẹ̀ lẹ́nu. N kò rí ìdáhùn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu recruiter kankan.

Ẹ má sì rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ipò náà fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n jà fún un ni. Wọ́n dá Army Nurse Corps sílẹ̀ ní 1901, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní sì làwọn obìnrin wọ̀nyí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé láìní ipò kankan. Nọ́ọ̀sì á sọ fún ọmọ ogun tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù pé kó gbé nǹkan báyìí wá, ẹni náà á máa wò ó lójú, torí kò sí òfin tó ní kó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀. Ní 1920, wọ́n fún wọn ní ipò orúkọ lásán, láìsí owó tó bá a mu. Ó di 1947 kí òfin tó sọ wọ́n di ọ́físà tó dúró sán-ún. Ọkùnrin bíi tèmi kò tilẹ̀ lè dé ibẹ̀ rárá títí di 1955, nígbà tí wọ́n gba Edward Lyon wọlé. Ní 1979, Hazel Johnson-Brown, obìnrin aláwọ̀ dúdú, di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì Army àti obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ ọ̀gágun nínú iṣẹ́ náà.

Màmá mi gbọ́ gbogbo ìtàn yìí lórí fóònù, wọ́n ní, “Mo ti gbọ́. Ọmọ mi ò ṣe sójà.” Ẹ má bá wọn wí. Sójà tí wọ́n mọ̀ ni èyí tó ń fi kòbókò lu awakọ̀ lójú títì. Òun náà ló ń gba rédíò láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, pé àwọn ti gbé ìwé òfin ilẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ fún wọn pé ìwé òfin gan-an ni ọ́físà ibí máa ń búra láti gbèjà. Ẹni tó bá wọlé láti ìsàlẹ̀ a máa búra pé òun á gbọ́ràn sí ààrẹ àti àwọn ọ̀gá òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìbúra ọ́físà kò dárúkọ ààrẹ rárá, ìwé òfin nìkan ló dárúkọ. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Wọ́n ń búra ní tiwa náà.” N kò rí èsì fọ̀.

Ìgbà tí mo sọ fún wọn pé obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ́físà nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ni, Josephine Tolefe, ní 1961, ni ohùn wọn tó rọ̀. Mo fi Aderonke Kale kún un, dókítà ọpọlọ tó kàwé ní Ìbàdàn, tó di Major General nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà kan náà tó ń bà wọ́n lẹ́rù. “Ọmọ ta ni?” ni wọ́n bi mí. Ẹ ti mọ Màmá.

Síbẹ̀, ìtàn kan wà tí n kò tíì sọ fún wọn. Ní 1942, nígbà tí Japan ṣẹ́gun ní Philippines, nọ́ọ̀sì ológun Amẹ́ríkà 77, 66 ti Army àti 11 ti Navy, di ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ó di oṣù kejì 1945 kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Nínú àwọn àgọ́ tí wọ́n há wọn mọ́, bí ebi ṣe ń pa wọ́n tó, wọ́n pín ara wọn sí ṣíìfù, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, ọ̀gá wọn kò sì gbà kẹ́nikẹ́ni fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló yè. Àwọn tó ń ròyìn wọn máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ìgboyà. Ohun tí èmi ń rí níbẹ̀ ni pé ètò ṣíìfù yẹn, tí mo ti ń sá fún láti ọsibítù dé ọsibítù, ló dá wọn sí. Bóyá ohun tó ń fà mí lọ nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá àwọn tí n kò ní í rí mọ́ ní oṣù mẹ́ta sí i ṣiṣẹ́.

Ìyàwó mi kò fi ìgboyà dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì lòun náà, alẹ́ ló ń ṣe. Ó ti kà á níbì kan pé àwọn ológun a máa béèrè ètò ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ òbí tó ń dá tọ́mọ àti lọ́wọ́ tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ ológun: ẹni tó máa gba ọmọ ní òru ọjọ́ tí àṣẹ bá dé, àti ẹni tó máa tọ́jú wọn lẹ́yìn náà. Òfin náà kò kan tiwa, torí òun kì í ṣe ológun. Ó ní ó kan òun. Ó fi bébà lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ orúkọ ẹni tó máa gba àwọn ọmọ ní alẹ́ tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí èmi sì wà lókè òkun. Orúkọ gidi ni o, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe “Olúwa máa ṣe é”. Mo kọ orúkọ kan. Ó pe ẹni náà níṣojú mi, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gbà. Ẹni náà ní òun á gbàdúrà sí i.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn. Bí ìgbìmọ̀ bá dáhùn kí àbúrò tó ń gbàdúrà tó dáhùn, a jẹ́ pé mo wọ gàù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí tẹ́ ẹ sì ní ọmọ kékeré nílé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pè é lóòótọ́. N ó gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bẹ́ ẹ bá fún mi láyè. Ó dìgbà yẹn.