Àwọn nọ́ọ̀sì tó fi oògùn pa aláìsàn: ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wa. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìpẹ̀yàrun, pé wọ́n fẹ́ pa odindi ẹ̀yà kan run, ṣọ́jà àti ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n ní Jámánì, kí wọ́n tó kọ́ Treblinka, àgọ́ tí wọ́n ti pa àwọn Júù ní Poland, ọsibítù ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ burúkú yẹn.

Lóṣù August 1939 ìjọba Hitler pàṣẹ pé kí àwọn agbẹ̀bí àti dókítà máa kọ orúkọ ọmọ tuntun tí ara ẹ̀ ò bá pé ránṣẹ́, wọ́n tún ń sanwó fún agbẹ̀bí lé e lórí. Wọ́n ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó wá kan àwọn àgbà, àwọn alárùn ọpọlọ, àwọn oníwárápá. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ti ń fi gáàsì pa wọ́n, Hadamar wà lára ẹ̀, láti January 1940 sí August 1941 wọ́n ti pa èèyàn tó ju 70,000 lọ, nọ́ọ̀sì ló sì ń bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, tó tún ń bọ́ aṣọ lára wọn.

Bíṣọ́ọ̀bù von Galen pariwo ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá gáàsì dúró, àmọ́ pípa ò dúró o, inú wọ́ọ̀dù ló padà sí. Ní ọsibítù Meseritz-Obrawalde, nọ́ọ̀sì á po Luminal tó pọ̀ jù, oògùn wárápá lásán, mọ́ omi nínú kọ́ọ̀bù, á gbé aláìsàn jókòó, á gbá a mọ́ra, á máa rọ̀ ọ́ títí táá fi mu ún tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin náà láti máa fún aláìsàn lóògùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Lára àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n bi ọ̀kan pé ká ní wọ́n pàṣẹ fún un kó jalè ńkọ́, ó ní rárá, òun ò lè jalè láéláé, òun mọ̀ pé kò dáa. Ó mọ̀ pé olè jíjà ò dáa! Ní 1965, kóòtù ní Munich dá nọ́ọ̀sì 14 láti Obrawalde sílẹ̀, gbogbo wọn pátá. Ó ṣì ń dùn mí.

Wọ́n ní àṣẹ ni, pé ẹ̀rù ló bà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì kan kọ̀, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ pa wọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lóògùn ni kẹ́ ẹ sọ ìtàn yìí, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé tí dókítà bá kọ oògùn tó pọ̀ jù, tó ní kó o fún un bẹ́ẹ̀, kí lo máa sọ fún un?