Kì í ṣe yìnyín ló ń ti ìlú pa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa ìṣètò ìlú sọ níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síta fáwọn tí ò ráàyè wá, mo sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, títí dé ibi tí Màmá kan ti da gbogbo ètò mi rú.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sínú pé ooru fẹ́ pa wá nínú gbọ̀ngàn yìí, fáànù ò yí, ọ̀rọ̀ yìnyín ni bàbá yìí gbé dé. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n sọ ọ́! Ìdajì àwọn tó jókòó síwájú yìí ló ń wá ọ̀nà Canada, ẹ má wo ojú mi. Wọ́n ní kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ kíkó yìnyín funfun tí wọ́n ń pè ní snow lójú títì nígbà tí ìjì òtútù bá jà, torí mo bá wọn jókòó fọ́dún díẹ̀ nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe é, ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí mi ò ní dárúkọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí lè máa sùn. Yìnyín kọ́ ló ń ti ìlú pa. Tí kò bá ti sí ẹnì kan tó ń pàṣẹ, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé òun ló ń pàṣẹ, ìlú ti tì nìyẹn, kódà kí yìnyín má pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Atlanta, ìlú ńlá kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. January 28, 2014. Yìnyín tó bọ́ lọ́jọ́ yẹn ò pé ínṣì mẹ́ta. Ní Montreal, lọ́hùn-ún ní Canada, ọmọdé á kàn gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, á máa bá eré ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ sì ti kìlọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, wọn ò gbọ́. Nígbà tó wá di ọ̀sán tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ilé ìwé ní káwọn ọmọ máa lọ, ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ, ilé iṣẹ́ aládàáni náà ní ẹ máa lọ, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé ìgbà wo ni tiyín fẹ́ tú. Gbogbo Atlanta bọ́ sójú títì papọ̀. Mọ́tò tó yẹ kó máa da iyọ̀ sójú ọ̀nà kí ọ̀nà má baà di gíláàsì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà, ó gbé iyọ̀ ẹ̀ dání, kò rọ́nà dà á! Àwọn ọmọ sun ilé ìwé, àwọn mìíràn sun inú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan bímọ sójú ọ̀nà márosẹ̀ I-285, àwọn èèyàn pa mọ́tò tì wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n lọ sun inú ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ síra wọn lọ́rùn. Méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, ní ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe tòun, ti ìpínlẹ̀ ni, títì inú ìlú lòun ń mójú tó. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí mọ orin yẹn, "ti ìjọba àpapọ̀ ni, kì í ṣe tiwa". Kòtò ò béèrè ti ta ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí rèé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, lóṣù February, ìjì mìíràn dé Atlanta, tọ̀tẹ̀ yìí tiẹ̀ kún fún omi dídì tó ń wó igi lé wáyà iná, iná lọ nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n títì dá wáí. Gómìnà ti kéde pàjáwìrì kí ìjì tó dé, ilé ìwé ti tì, kálukú jókòó sílé ẹ̀, mọ́tò oníyọ̀ wá ráyè ṣiṣẹ́. Ìlú kan náà, ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ẹnjiníà tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ ní kí ìlú ṣáà ra mọ́tò akóyìnyín sí i. Ẹgbẹ́ ra-sí-i wà káàkiri ayé, wọ́n sì sábà máa ń mọ ẹni tó ń ta mọ́tò. (Àtẹ́wọ́.) Mo mọ̀ pé New York 1969 lẹ máa fi dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ fún yín. February 1969, yìnyín bíi ínṣì 15 bọ́, Queens, apá kan nínú ìlú náà, wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsẹ́ni tó wò ó, èèyàn 42 kú, Méyọ̀ John Lindsay fẹ́ lọ kí wọn lọ́hùn-ún, mọ́tò ẹ̀ gan-an há, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì bú u dáadáa. Òótọ́ ni pé mọ́tò ò tó. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ò fi tó? Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn irinṣẹ́ náà ti bàjẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Wọ́n rà á, ó wà ńlẹ̀, ó kú. Rírà kọ́ ni àìsàn yẹn.

Ẹ wá wo December 26, 2010, New York yìí náà. Mọ́tò ti pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ báyìí, wọ́n ń so abẹ irin ńlá mọ́ iwájú mọ́tò akólẹ̀ ni, torí iléeṣẹ́ akólẹ̀ ló ni iṣẹ́ yìnyín níbẹ̀. Ínṣì 20 bọ́. Ìlú kọ̀, wọn ò kéde pàjáwìrì, àwọn èèyàn wá gbé mọ́tò jáde bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ọjà, wọ́n há, bọ́ọ̀sì há lẹ́yìn wọn, áńbúláǹsì há lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mọ́tò akóyìnyín dé, kò rọ́nà kọjá. Kí ni mọ́tò tuntun fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Èmi náà gbọ́ irú ẹ̀ lórí rédíò ní ọ́fíìsì tiwa. Àárín òru, awakọ̀ kan pè wá pé òun ti wọ àdúgbò kan, títì tóóró, ẹnì kan páàkì Toyota, ìdí mọ́tò náà yọ síta díẹ̀, bí òun bá tẹ̀ síwájú, abẹ irin máa gé dígí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Ó ní kí la fẹ́ kóun ṣe. Ẹni tó ń wọ́ mọ́tò kúrò lọ́nà wà lábẹ́ ọ́fíìsì mìíràn, a pè é, wọ́n ní ó ń bọ̀. Awakọ̀ dúró dúró, ó sú u, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, tipẹ̀lẹ́tipẹ̀lẹ́ nínú òkùnkùn. Gbogbo ilé tó wà ní títì yẹn jí láàárọ̀ wọ́n ń bú ìjọba pé wọn ò tiẹ̀ yọjú. Wọ́n yọjú o! Toyota kan ló pa gbogbo títì yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ìlú tó mọ̀ ọ́n ṣe, mọ́tò tó páàkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá jà. Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá ti kéde pàjáwìrì yìnyín, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ páàkì sí àwọn títì pàtàkì tí wọ́n ti sàmì sí. Ọjọ́ kejì, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́jọ alẹ́, ó kan àwọn títì yòókù, ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà ilé jẹ́ 2, 4, 6 gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbẹ́ 1, 3, 5. Tó o bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á wọ́ ọ lọ, owó ìtanràn rẹ á dùn ọ́. Montreal le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gbé pátákó ọlọ́sàn síta pé ibí yìí la máa kó lálẹ́ òní, mọ́tò tó ń wọ́ mọ́tò á máa fun fèrè kiri àdúgbò kí àwọn tó gbàgbé lè sá jáde, nígbà náà ni ẹ̀rọ á wá máa gbé yìnyín, á máa tu ú sínú típà bí wọ́n ṣe jọ ń rìn lọ, típà kan kún, òmíràn gba ipò ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi àwòrán hàn yín, kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pín ìlú sí apá apá...

Ibẹ̀ ni Màmá kan ti nawọ́ lókè lápá ẹ̀yìn, kò tiẹ̀ dúró kí olóòtú ètò pè é. Ó ní òun lọ tọ́jú ọmọ tí ọmọbìnrin òun bí lọ́hùn-ún, nígbà òtútù. "Títì tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, dúdú ló ń dán, wọ́n ti kó o tán. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn ńkọ́? Yìnyín tí mọ́tò yín tì kúrò lójú títì, ẹnu géètì wa ló kó o sí, ó le bí òkúta. Mo gbé ọmọ pọ̀n, n ò lè jáde. Ta ló ń pàṣẹ fún ìyẹn?"

Gbọ̀ngàn pariwo. Mo ní Màmá, ẹ ṣé o, ẹ ti ba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́.

Torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, onílé ni òfin ní kó kó ti iwájú ilé ẹ̀, ìjọba ń mójú tó ọlọ́kọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ á wá máa bẹ onílé. Arúgbó ńkọ́? Ẹni tó rìnrìn àjò ńkọ́? Montreal ní ẹ̀rọ kékeré tó ń kó ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Karlskoga, ìlú kan ní Sweden, tiẹ̀ dorí ètò náà kodò, wọ́n ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ tó lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ló máa ṣáájú, torí mọ́tò lè la yìnyín díẹ̀ kọjá ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ò lè là á, àti pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ló ń ṣubú tí wọ́n ń kán lápá, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Stockholm náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, yìnyín rẹpẹtẹ wá bọ́ ní November 2016, ìlú dàrú, gbogbo àwọn tí ò fẹ́ ètò náà tẹ́lẹ̀ ní ṣebí àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò pé ètò ló jẹ̀bi níbẹ̀, yìnyín yẹn ì bá da ètòkétò rú.

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè Màmá kò ta ko tèmi? Ẹni tó bá ń pàṣẹ ló ń sọ ta ló máa ṣáájú. Chicago, January 1979, yìnyín bo ìlú mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń fo àwọn ibùdókọ̀ kan láìdúró kí wọ́n lè tètè dé, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fò. Àwọn yẹn dúró nínú òtútù, wọ́n ń wo ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá. Oṣù kejì, ìbò abẹ́lé dé, wọ́n lé Méyọ̀ Michael Bilandic lọ, wọ́n dìbò fún Jane Byrne.

Olóòtú ètò ti ń fi aago hàn mí, kí n yára. Iyọ̀: tí òtútù bá ti kọjá bíi òdo dín mẹ́sàn-án lórí ìwọ̀n Celsius, iyọ̀ lásán ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á pò ó mọ́ nǹkan mìíràn tàbí kí wọ́n da yanrìn, iyọ̀ náà sì ń ṣàn wọ odò, kò dáa. Ibi tí wọ́n ń kó yìnyín dà sí: Montreal ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, Francon, wọ́n ń dà á síbẹ̀. Boston, 2015, òkìtì tí wọ́n kó jọ ò yọ́ tán àfi July 14. Owó: ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀, ẹnjiníà ti sọ ọ́.

Ọmọkùnrin kan béèrè níkẹyìn pé, bàbá, iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀ fún àwa? (Mo sọ fún yín pé Canada ni wọ́n ń lọ.) Mo ní New York máa ń gba àwọn èèyàn sí i nígbà yìnyín, wọ́n ń san owó fún wọn ní wákàtí wákàtí láti fi ṣọ́bìrì kó ti ibùdó bọ́ọ̀sì, ti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, ti ẹnu ẹ̀rọ omi panápaná, ibi tí abẹ irin ò lè dé. Ó kéré tán kó o ti pé ọdún 18, kó o sì ní ìwé iṣẹ́. Màmá pariwo láti ẹ̀yìn pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì ọmọ òun.