Ẹni Tí Ó Dín Eré Rẹ̀ Kù Nítorí Mi

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń wúwo lọ́kàn mi, láti ìgbà tí ẹnì kan tí mo fẹ́ràn jókòó tì mí, tí ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé ó ti tó oṣù mẹ́fà tí òun ti ń dá ẹrù kan gbé, tí òun kò fi tó ẹnikẹ́ni létí. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi dákẹ́. Ó ní, “Olúkúlùkù ló ń sáré tirẹ̀, n kò fẹ́ dá eré ẹnikẹ́ni dúró.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí pé èmi tí ó ń bá sọ̀rọ̀ gan-an ti dá eré ẹnì kan dúró rí, ojú ọ̀nà gidi ni ó sì ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú òwe.

Kí a tó gbàdúrà, ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Oníwàásù 4, kí ẹ ka ẹsẹ 9 àti 10, nípa ẹni méjì tí ó sàn ju ẹnì kan lọ, nítorí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú.

Ìdajì eré máratọ́ọ̀nù ni a sá. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 21, nítorí kìlómítà 42 àti mítà 195 ni odindi máratọ́ọ̀nù. Àwa mọ́kànlá ni a jọ forúkọ sílẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó ń fi eré sísá jẹun: olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, aránṣọ wà, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà wà. Oṣù mẹ́rin ni a fi ń jí ní ìdájí, tí a ń fi kìlómítà kan lé òmíràn. Àbúrò kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ó ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò parí eré náà láìpé wákàtí 2. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe èyí kò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 41 lọ lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó fi bíìrò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà gbàgbé.

Ara mi yá gágá láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń bá a rìn ní ẹsẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n eré tirẹ̀ kọ́ ni mo fi kọ́ ẹsẹ̀ mi ní gbogbo oṣù mẹ́rin náà. Ẹsẹ̀ kì í parọ́. Nígbà tí a dé kìlómítà 17, tí aago ń ka wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 36, tí ohun gbogbo sì ń lọ déédéé fún un, ni pajápajá bá gbá ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi mú bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi dì í, mo sì ṣubú sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Mo ní, “Àbúrò mi, máa lọ.” Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, tinútinú ni mo sì fi sọ ọ́, nítorí mo mọ ohun tí ó ti fi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ náà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i tí ó wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà, ó gbé gìgísẹ̀ mi lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ṣóńṣó bàtà mi mú, ó sì ń tì í padà díẹ̀díẹ̀ sí ìhà orókún mi kí iṣan tí ó ká jọ náà lè nà. Ó ń kà á sókè, láti ení dé ọgbọ̀n, òógùn iwájú orí rẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó sórí okùn bàtà mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a ti fi sẹ́yìn tipẹ́ ń rọ́ kọjá lára wa. Nígbà tí ó kà á dé ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ẹ má wo òpin eré o. Tábìlì omi tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni kí ẹ máa wò.”

Láti tábìlì omi kan dé òmíràn ni a ń rìn, tí a ń sá díẹ̀, tí a sì tún ń rìn. Kò fà mí, kò sì gbé mi. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó mú bá tèmi dọ́gba, ó sì dúró sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 21 ni a fi dé ilà òpin.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi aago yìí. Lẹ́yìn nọ́ńbà tí a so mọ́ asáré kọ̀ọ̀kan láyà ni ẹ̀rọ tín-ín-rín kan wà, tí ẹní tí a tẹ́ sí ilà ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a tẹ́ sí ilà òpin fi ń dá olúwa rẹ̀ mọ̀, tí a sì fi ń mọ iye àkókò tí ó lò gan-an. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n kọ àkókò tèmi, wọ́n kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ọgbọọgba ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò yá. Kò sí ibi tí a kọ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ náà mọ iye, kò mọ ìdí. Ọlọ́run mọ ìdí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé aláìlera nìkan ni ó ń wá alábàárìn, kí ó rántí Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà, ẹni tí ó sá odindi máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní ìlú Vienna, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, ohun tí ènìyàn kankan kò ṣe rí ṣáájú ọjọ́ náà. Asáré 41 ni ó ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láti yí i ká, tí wọ́n ń fi ara gba afẹ́fẹ́ fún un. Nígbà tí òpin kù díẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn kí òun nìkan lè wọlé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ láyé nínú eré máratọ́ọ̀nù nígbà náà ni mo ń sọ yìí.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń jẹ̀rora ní ìkọ̀kọ̀, má fi í pamọ́ mọ́ nítorí kí eré ẹlòmíràn má baà dúró. Kìlómítà 17 ni ó mú kí Ọlọ́run fi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ síbẹ̀. Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ sì ń yá lọ́wọ́lọ́wọ́, wo aago rẹ, kò burú. Bí o bá wò ó tán, kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún òwúrọ̀ tí a tún rí, fún èémí tí ń wọlé tí ó sì ń jáde, fún ẹsẹ̀ tí ó tún gbà láti dìde kúrò lórí ibùsùn. A dúpẹ́ fún ilà ìbẹ̀rẹ̀ tí o jẹ́ kí a dé. Àwọn kan forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú wa tí wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ìbọn dún. A kò sàn jù wọ́n lọ, àánú rẹ ni.

Olúwa, dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a wo aago tí a kò sì kúnlẹ̀. Dárí jì wá nítorí ọ̀rẹ́ tí ó ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí a ṣe bí ẹni tí kò rí i, àti nítorí ìgbéraga tí ó mú wa sá eré tí ìwọ kò fi kọ́ ẹsẹ̀ wa.

Mo gbàdúrà fún ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì ń dá ìrora gbé. Olúwa, ìwọ mọ̀ ọ́n. O mọ iṣan tí ó ń ká jọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí. O mọ gbèsè tí kò lè dárúkọ, o mọ èsì àyẹ̀wò tí ó ká sínú àpò, o mọ omijé tí ó ń fi omi ìwẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Fi ọwọ́ rẹ kan ibi tí ó ń dùn ún gan-an. Nà án fún un díẹ̀díẹ̀, Bàbá, kí o sì máa kà á sókè, kí ó lè mọ̀ pé ìrora náà ní òǹkà. Bí o bá kà á dé ọgbọ̀n tí kò tíì tú, Olúwa, jọ̀wọ́, tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Rán ẹni tí yóò dín eré rẹ̀ kù nítorí rẹ̀ sí i. Ìwọ tí o fi Áárónì sí apá kan Mósè, tí o fi Húrì sí apá kejì, tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró ṣinṣin títí oòrùn fi wọ̀, fi ènìyàn sí apá ọ̀tún rẹ̀, fi ènìyàn sí apá òsì rẹ̀. Bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bá ti kọjá lọ, dá a padà. Bí ó bá ti gbàgbé, rán an létí. Ìwọ tí o gba oorun lójú ọba Ahaswérúsì nítorí Módékáì, gba oorun lójú ẹni náà lóru òní, kí ó má lè sinmi títí yóò fi yà síbi tí ọmọ rẹ ṣubú sí.

Nísinsìnyí, mo dìde dúró, mo sì fi àṣẹ sọ̀rọ̀ ní orúkọ Jésù. Ìwọ pajápajá tí kì í mú ènìyàn níbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara yá, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí a bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ni ò ń gbá ni mú, tú ọwọ́ rẹ! Mo ní, tú ọwọ́ rẹ! Tú u lára ọmọ tí ó ku ìdánwò kan kí ó parí ẹ̀kọ́! Tú u lára aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé! Tú u lára ìgbéyàwó tí àárẹ̀ ti mú, lára iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ ku ìbuwọ́lù kan ṣoṣo, lára aláìsàn tí dókítà sọ pé ó ku díẹ̀ kí ó lọ sílé! Ìṣubú ní bèbè àṣeyọrí, a kọ̀ ọ́! Òfò lẹ́yìn làálàá oṣù mẹ́rin, a kọ̀ ọ́! A kò ní sá kìlómítà 17 ní àsádànù, a kò ní fojú rí ilà òpin kí ẹsẹ̀ wa má kàn án, ní orúkọ Jésù!

Ìwọ tí mo ń gbàdúrà fún, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀. Èémí rẹ kò ní gé. Ẹni tí ó yẹ kí ó dúró tì ọ́ kò ní wo aago kọjá lọ. Ibi tí o bá ṣubú sí, ibẹ̀ gan-an ni àánú yóò ti kúnlẹ̀ tì ọ́. Bí òpin bá jìnnà sí ojú rẹ lónìí, Olúwa yóò fi tábìlì omi kan hàn ọ́, bí o bá dé ibẹ̀, yóò fi òmíràn hàn ọ́, títí ìwọ yóò fi gbé orí sókè tí ìwọ yóò rí i pé o ti dé.

Bàbá, mo mú gbogbo àwọn tí ó dín eré wọn kù wá síwájú rẹ: ìyá tí ó fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ lè kàwé, àkọ́bí tí ó kó owó tí ó ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀ san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀, ọkọ tí ó ń jí lóròòru gbé aya rẹ̀ aláìsàn. Ayé ti kọ àkókò wọn sílẹ̀ láìkọ ìdí. Ìwọ kọ ìdí, Olúwa. Dá ìṣẹ́jú 21 wọn padà fún wọn, kí o sì fi èrè lé e. Àbúrò mi tí òógùn rẹ̀ kán sórí bàtà mi, fún un ní ọjọ́ tirẹ̀: ojú ọjọ́ tí ó tutù, ọ̀nà tí ó tẹ́jú, ẹsẹ̀ tí ó fúyẹ́. Jẹ́ kí ó wọlé láìpé wákàtí 2, kí o sì jẹ́ kí èmi fúnra mi wà ní ilà òpin láti dì mọ́ ọn.

Àti ẹni ìkẹyìn lójú ọ̀nà, Olúwa, ẹni tí ọkọ̀ tí ń kó àwọn tí ó ti rẹ̀ ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, tí àwọn tábìlì omi ti ṣófo kí ó tó dé ìdí wọn, tí kò gbọ́ àtẹ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́: má jẹ́ kí wọ́n ká ẹní aago nílẹ̀ kí ó tó dé. Bí gbogbo ènìyàn bá sì ti lọ sílé, ìwọ dúró níbẹ̀ dè é, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.